Ìwé Tí Mo Fi Ń Ka Òkùnkùn

Ìwé ìṣirò ọmọ mi ni. Ó ku ewé mẹ́tàdínlógójì nínú rẹ̀
nígbà tó jáde ìwé mẹ́fà.
Mo fi rúlà fa ìlà mẹ́ta sí i:
ìgbà tó lọ,
ìgbà tó dé,
iye ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ.
Ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́,
mi ò ka owó tó bí mo ṣe ń ka òkùnkùn.

Igba ẹyin, ọjọ́ mọ́kànlélógún.
Ẹyin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí ooru bá sá lára rẹ̀
fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún,
kò ní ké, kò ní jà,
á kàn tutù sí ọ lọ́wọ́ bí òkúta odò
nígbà tó o bá gbé e sójú tọ́ọ̀ṣì
tó ò rí iṣan pupa tó o rí lánàá.

Akínmọládùn wá láti yunifásítì,
ọmọ tó tín-ín-rín bíi wáyà, fọ́ọ̀mù lábíyá.
Ó ní ohun mẹ́ta làwọn fi ń wọn iná:
ẹ̀ẹ̀melòó ló lọ,
báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó dé,
ilé mélòó ló kàn.
Lẹ́yìn náà wọn á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀,
wọn á pín in kárí bí ẹran iléyá.
"Lóṣù tó kọjá, mọ́mì, wákàtí márùn-ún lójúmọ́
ló kan ilé kọ̀ọ̀kan."

Mo ní, ilé ta ni?
Ní Alágbàká, lẹ́yìn ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ti gbàgbé àbẹ́là.
Ní tiwa, ìjì kan fẹ́, a lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko.
Ẹ kó àjẹyó àti ebi sínú ìkòkò kan, ẹ rò ó pọ̀,
ẹ wá ní gbogbo wa ló jẹun díẹ̀díẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé ilé-iṣẹ́ iná:
ọjọ́ kẹsàn-án, ó lọ ní agogo mọ́kànlá alẹ́,
ó dé ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo ṣí tèmi. Ọjọ́ kan náà, agogo mọ́kànlá.
Ìgbà tó dé: ọ̀sán ọjọ́ kejì,
lẹ́yìn tí Ògúnsakin gun òpó,
tí a dá owó fíúsì fún un lójúlé-ojúlé.
Iná ti dé sórí wáyà ńlá lóòótọ́,
kò kàn yà sádùúgbò wa ni.
Ibi tí ìwé wọn ti sinmi
ni ìwé tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo bi í: èyí tó dé tó rẹ̀ wálẹ̀ ńkọ́,
tí gílóòbù pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn,
tí ẹ̀rọ mi náà ń kùn, tí kò lè gbóná,
ṣé ó lọ ni àbí ó dé?
Ó yí fọ́ọ̀mù síwá sẹ́yìn.
Kò sí àyè fún un. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ìgbà tí iná ò sí gan-an la ń ná jù:
bẹntiróòlù lítà mẹ́rin,
omi gbígbóná nínú kẹ́ẹ̀gì,
àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi kú fi sílẹ̀.

Ó fi fóònù ya ìwé mi, ewé lórí ewé.
Ó ní ó péye ju tiwọn lọ.
Inú mi dùn, mi ò ní í purọ́,
bíi ti ọmọ tí tíṣà gbóríyìn fún.
Ṣùgbọ́n nínú igba ẹyin, mẹ́tàléláàádọ́fà ló pa.
Àwọn yòókù, òkùnkùn ló pa wọ́n.

Lóru àná, agogo mẹ́ta ku díẹ̀, ó tún lọ.
Mo fọwọ́ wá bírò lábẹ́ ìrọ̀rí,
mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ, mo gbé etí lé e.
Nǹkan kan ń ṣá èèpo láti inú.
Ó sinmi.
Ó tún ṣá a.
Mo kọ ìgbà tó lọ.
Ìlà kejì ṣì ṣófo.